Abọ́ Ajá Nínú Agbo Ilé Wa

Láyé àwọn baba wa, ajá kì í wọ iyàrá. Ọdẹ ń sìn ín fún igbó, àgbẹ̀ ń sìn ín fún oko, baálé ń sìn ín kí ó lè máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n a tilẹ̀ máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí olájá bá ké pe ajá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé etí aládùúgbò tí a fẹ́ bá wí. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó, ẹ̀yìnkùlé ni oúnjẹ rẹ̀ ń wà. Àfọ́kù igbá tàbí ìkòkò tó ti sán ni abọ́ rẹ̀. Bí ó bá da omi nù, ilẹ̀ a fà á mu. Bí ó bá tú ẹ̀kọ ká, adìyẹ a ṣà á jẹ. Kò sí ẹni tí ń ka ìyẹn sí wàhálà.

Nǹkan ti yí padà ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, bí ó ti yí padà ní Ṣakẹ́tẹ́ àti ní Àjàṣẹ́. Ilé tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń sin ajá kékeré, irú èyí tí a lè gbé mọ́ àyà, tí ó ń bá wọn gbé inú ilé. Sìmẹ́ńtì kì í fa omi mu, a kì í sì í jẹ́ kí adìyẹ wọ pálọ̀. Nítorí náà, omi tí ajá dà sílẹ̀ láàárọ̀ ń bẹ níbẹ̀ dọ̀sán, ẹ̀bà tí ó wọ́ lọ sí abẹ́ àga ń bẹ níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọmọdé ń tẹ̀ ẹ́, àgbàlagbà lè tìtorí rẹ̀ yọ̀ ṣubú. Ọ̀rọ̀ a di asọ̀ láàrin ìyá àti ọmọ, tàbí láàrin àwọn tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan náà, ajá ni wọn a sì nà. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ lé e síta, wọ́n a ní ọ̀bùn ni.

Èrò tiwa ni pé ajá kọ́ ni ọ̀bùn. Bí a ti dá a ni ó ń ṣe. Àwa tí a mú un wọlé ni a kò tíì tún ibi ìjẹun rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà ní bí ẹyẹ bá ṣe fò ni a ṣe ń sọ̀kò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ajá ṣe ń mu àti bí ó ṣe ń jẹ.

Ènìyàn, màlúù àti ewúrẹ́ lè fi ẹnu fa omi, nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ká ẹnu wọn mọ́. Ti ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là jìnnà sẹ́yìn kí ó lè gbá ẹran mú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì lè pa ẹnu náà dé tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi fa omi. Ahọ́n nìkan ni ó kù fún un. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara wo ajá tó ń mu omi. Ní 2015, àwọn mìíràn ní Virginia Tech fi kámẹ́rà ya ajá 19 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ajá a máa ká ahọ́n rẹ̀ sẹ́yìn bí ṣíbí, a sì jù ú sínú omi tagbáratagbára. Bí ó bá ti ń fa ahọ́n náà padà kíákíá, omi a tẹ̀lé e gòkè bí òpó tẹ́ẹ́rẹ́, ajá a sì pa ẹnu dé mọ́ ọn kí ó tó wó lulẹ̀. Èyí tí kò bá bá ẹnu pàdé, ilẹ̀ ni ó ń ta sí. Ológbò ní tirẹ̀ kì í ki ahọ́n bọ omi; orí omi lásán ni ó ń fi í kàn fẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí àyíká abọ́ ológbò fi ń gbẹ ju ti ajá lọ. Kò sí pàṣán tí ó lè yí èyí padà.

Ti oúnjẹ tún yàtọ̀. Ọmọ ajá máa ń pọ̀ nínú ìbí kan, láti ẹnu ọmú ni wọ́n sì ti ń du oúnjẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èyí tí kò bá yára kò ní yó. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá dé ilé wa, yóò bá adìyẹ tí ń ṣà á lẹ́nu jẹ, ewúrẹ́ tí ń na ọrùn sí abọ́ rẹ̀, àti àwọn ọmọdé tí ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni yóò ṣe? Yóò gbá òkèlè mú, yóò gbé e lọ sí kọ̀rọ̀ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Kọ̀rọ̀ náà a sì jẹ́ abẹ́ ibùsùn wa tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá parí sí ilẹ̀ tó dọ̀tí nìkan, a kì bá tí kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Òkèlè tí ajá fi sílẹ̀ di òru ni eku ń jáde wá jẹ. Eku tó bá sì ti mọ ọ̀nà kì í dúró sí ìdí abọ́ ajá. Yóò dé inú gàrí wa àti orí àwo tí a fi ń jẹun. Ibà Lásà, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní 1969, ọ̀nà yìí ni ó sábà ń gbà wọlé: ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ àti ohun èlò ilé. Ní 2014, ó pa ènìyàn ní agbègbè Tanguiéta, ní òkè ilẹ̀ Benin wa níbí. Ní 2016, ó tún padà wá. Omi náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà dengue kiri lè yé ẹyin sínú abọ́ omi tí a kò dà nù. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin náà ti di ẹ̀fọn tí ń fò.

Kí ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́ ni abọ́ fúnra rẹ̀. Abọ́ ike fúyẹ́. Ajá kékeré a máa fi ẹsẹ̀ tì í kiri, a sì máa dojú rẹ̀ dé. Àwo amọ̀ ni ó dára jù, nítorí pé ó wúwo, kì í sì í yẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ike nìkan ni ó wà nílẹ̀, ẹ fi aṣọ ògbólógbòó ká òṣùká, kí ẹ gbé abọ́ náà lé e kí ó lè jókòó dáadáa.

Èkejì ni ibi tí abọ́ yóò wà. Ojú kan náà ni kí ó jẹ́ lójoojúmọ́: lábẹ́ ìbòji, kúrò lójú ọ̀nà, kí ó má sì sí nínú ilé ìdáná. Ẹ fi ọpọ́n pẹlẹbẹ tí ó ní etí sábẹ́ abọ́ omi àti ti oúnjẹ. Ohun tí ó bá ta sílẹ̀ yóò dúró sínú rẹ̀, a ó sì dà á nù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Ajá tí ó wúwo tó kílò 5 a máa nílò bí ìdámẹ́rin lítà omi lójúmọ́, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A kò gbọdọ̀ tìtorí ilẹ̀ tó tutù fi omi dù ú. Kí a máa bu díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ: ìdajì abọ́, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, dípò kí abọ́ kún dẹ́múdẹ́mú láti àárọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò. Ajá tó ti dàgbà lè jẹun lẹ́ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọmọ ajá a jẹ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí ẹnìkan dúró tì í, kí ó lé adìyẹ àti ewúrẹ́, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí òkèlè rẹ̀ kéré, nítorí pé èyí tó tóbi ni ó ń gbé sá lọ. Kí a má fún un ní eegun adìyẹ tí a ti sè, tí ń fọ́ sí ẹ̀rún mímú, tàbí ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, tí ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, kí a gbé abọ́ oúnjẹ kúrò, ì báà ṣẹ́kù. Bí ajá bá rí i lójoojúmọ́ pé kò sí ẹni tí ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu òun, kò ní fi bẹ́ẹ̀ wá kọ̀rọ̀ mọ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí náà ẹ kọ́ ọ láti dúró nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọ. Ẹ gbé abọ́ dání, kí ẹ sọ pé “dúró.” Bí ó bá fò mọ́ yín, ẹ gbé abọ́ ga, bí ó bá jókòó, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un. Kí gbogbo ará ilé sì máa lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí bàbá bá ń wí pé “dúró,” tí ọmọ ń wí pé “attends,” ajá kò ní mọ èyí tí òun yóò gbọ́. Ní alẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti kànrìnkàn tí ó jẹ́ ti ajá nìkan fọ abọ́ rẹ̀, kí ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àwo tí ènìyàn fi ń jẹun.

Ọ̀ràn kan wà tí kì í ṣe ti abọ́. Bí ajá tí ń mu omi dáadáa tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé kò lè gbé omi mì mọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ìwà rẹ̀ sì yí padà, ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu pé ẹ ń wá eegun. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn 100 tí àrùn yìí mú, ó tó 99 tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni ó ti ràn wọ́n. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti lo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún ènìyàn láti 1885. Ọjọ́ tí ó kú ní 1895, ìyẹn ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ni gbogbo ayé fi ń rántí ìjà pẹ̀lú dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ẹ má dúró de ọjọ́ náà kí ẹ tó gbé ajá yín lọ sọ́dọ̀ vétérinaire.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin ni ẹ mú ajá kékeré wọlé. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ abọ́ rẹ̀, ẹ má jù ú sí ìyá tàbí ìyá àgbà lọ́rùn. Ẹ̀yin òbí wa, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ kọ́kọ́ wo abọ́ àti ibi tí ó wà. Ajá kò ní yéé ta omi sílẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nínù ún kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ tiwa ni.