Kẹ̀kẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Ojú L'Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Ìbànújẹ́ ńlá ni fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jìnnà sí ilé bí ó bá jáde láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ó dé ibi tí ó so kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ mọ́, tí ó sì bá ẹsẹ̀ iwájú nìkan. Olè ti tú ìyókù gbé lọ. Kì í ṣe pé olúwarẹ̀ kò ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ibi tí ó tì í sí ni kò dára.

Ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ilẹ̀ ìlú náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, yunifásítì ibẹ̀ kò sì fẹ́ kí àwọn tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, olè kẹ̀kẹ́ kò sì wọ́n. Nítorí náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ń fún kẹ̀kẹ́ ní nọ́ńbà tí a ó kọ sí i lára, tí a ó sì kọ sínú ìwé lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè.

Ohun mẹ́ta ni ó ń dáàbò bo kẹ̀kẹ́. Èkíní ni àgádágodo tí ó le. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò ju ohun tí olè yóò gé kí a tó ṣẹ́jú. Irin líle tí a tẹ̀ bí lẹ́tà U sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, kí a má ṣe fi owó gọbọi nìkan mọ èyí tí ó dára. Ní ọdún 2004, àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé ike gègé báírò lásán lè ṣí àwọn àgádágodo olówó ńlá kan tí ihò kọ́kọ́rọ́ wọn rí roboto.

Èkejì ni ibi tí a tì í sí. Kí àgádágodo gbá férémù àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ irin tí a rì mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú kò ṣòro láti tú. Kí irin náà má ṣe kúrú débi tí a ó fi gbé kẹ̀kẹ́ yọ lórí rẹ̀. Kí àyè má ṣẹ́kù nínú àgádágodo tí olè yóò ki ọ̀pá bọ̀ láti fi ṣẹ́ ẹ. Kí ó má sì kan ilẹ̀, kí wọn má baà fi òòlù fọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Nọ́ńbà wà lára férémù, ó sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya àwòrán kẹ̀kẹ́ náà, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá tilẹ̀ mú olè, tí ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ kò ní nọ́ńbà lọ́wọ́, kí ni yóò fi gba ohun ìní rẹ̀ padà?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kàwé, ìbáà ṣe ní Zaria, ní Nsukka tàbí ní Cambridge, bí ẹ bá ń ka owó kẹ̀kẹ́ fún un, ẹ ka owó àgádágodo tí ó jíire mọ́ ọn. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́.