Ọgbà fún Labalábá: Bí Ẹni tí Kò Gbin Nǹkan Rí Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà àti Agége

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa ronú pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òdòdó gbígbìn. Ìbéèrè náà tọ́. Èsì mi ni pé inú ọ̀rọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bá ohun tí mo fẹ́ sọ pàdé, kì í ṣe inú ilẹ̀. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà, ọgbà, wò dáradára, a ó rí i pé ohun tí a fi yí ibì kan ká ni ó ń tọ́ka sí. A ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, a ní ọgbà ẹranko, a ní ọgbà ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tí ó wà nínú ibẹ̀ fún wa. Ohun tí ó sọ ni pé a ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára igbó. Nítorí náà, lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ọgbà tí ó dára ni èyí tí ohunkóhun tí a kò pè kò lè wọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí labalábá máa wá sí àgbàlá òun ní láti kọ́kọ́ yí èrò yìí padà, nítorí kì í ṣe omi òdòdó nìkan ni labalábá ń wá kiri. Ibi tí yóò yé ẹyin sí ni ó ń wá, ọmọ tí ó bá sì ti inú ẹyin náà jáde, ewé ni yóò jẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a jẹ ewé òun kò tíì fẹ́ labalábá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Oko ni ó jẹ́ rí. Àwọn àgbẹ̀ bíi J. K. Coker ti Ìfàkọ̀ gbin kòkó sí agbègbè Agége, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Obì gbànja tẹ̀ lé kòkó, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e lọ sí Òkè Ọya. Láàárín 1950 sí 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ní 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó. Kọnkéré ti bo àgbàlá wa báyìí, ògiri sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Síbẹ̀, ilẹ̀ kò gbàgbé. Ilé iṣẹ́ Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ní agbègbè náà sì ti di ilé ìsìn tàbí ilé ìkẹ́rùsí. Ibikíbi tí ẹnubodè bá ti wà ní títì fún ìgbà òjò kan péré, imí eṣú àti ewé Akíntọ́lá yóò ti yọrí láti ibi tí kọnkéré ti sán. (Àwọn mìíràn ń pe ewé kan náà ní ewé Awólọ́wọ́. N kò ní bá ẹnikẹ́ni dá sí ìjà yẹn lónìí.)

Àwọn ewé tí à ń tu dànù wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn. Yorùbá fún ewéko lórúkọ tó bẹ́ẹ̀ tí odidi ìwé kò lè gbà wọ́n tán. Pierre Verger fi ìwé ńlá kan hàn wá ní 1995 bí orúkọ ewé àti ọfọ̀ rẹ̀ ṣe ń rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan labalábá, a ya aláìní. A mọ àfòpiná, nítorí pé ó ń wá pàdé ikú lẹ́nu fìtílà. Gbogbo ìyókù, labalábá ni. Bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kà ní Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ńlá tí Torben Larsen gbé jáde ní 2005 ti fi hàn. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà pé kí wọ́n pa òwe labalábá fún mi. Wọ́n ń pa á. Bí mo bá wá béèrè pé ewé wo ni labalábá jẹ dàgbà, ìdákẹ́jẹ́ ni mo ń gbọ́.

Ewé oríṣiríṣi kọ́ ni ó ń jẹ. Òdòdó tí labalábá lè mu omi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ewé tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ kò tó nǹkan. Ìyá a máa fi ẹsẹ̀ tọ́ ewé wò kí ó tó yé ẹyin lé e. Bí kì í bá ṣe ewé tirẹ̀, yóò fò lọ. Ìdí nìyí tí ọgbà tí ó kún fún òdòdó òkèèrè fi lè rí àlejò, kí ó má sì rí olùgbé.

Bí ó bá jẹ́ igi kan ṣoṣo ni mo ní àyè fún, bomubomu ni n óò gbìn. Àwọn tí ń ṣe wàrà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí oje ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú kí wàrà dì. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì rí bí ẹni pé a fi ẹfun pa á lára. Ó ń fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá àti oòrùn ọ̀sán gangan, èyí tí ó mú kí ó yẹ olùbẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ ni labalábá kan tí apá rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ṣóńṣó apá náà dúdú tí ó sì ní àmì funfun, máa ń yé sí. Danaus chrysippus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ní ìlà dúdú, funfun àti àwọ̀ ìyeyè yí ara ká, ó sì ní ohun rírọ̀ bí ìwo ní méjìméjì ní ọ̀nà mẹ́ta lára. Oje bomubomu ní májèlé. Ọmọ labalábá yìí ń jẹ ẹ́, ó ń kó díẹ̀ nínú májèlé náà sára, ẹyẹ tí ó bá sì tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ padà sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí oje yẹn kan ojú yín. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, kí ẹ sì gbìn ín jìnnà sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Òwe wa ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Labalábá kan wà tí ó gbọ́n ju òwe yìí lọ. Hypolimnas misippus ni, akọ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì funfun ńláńlá, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ jọ ti orí bomubomu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ ń ṣì í mú fún un, tí ó sì ń fi í sílẹ̀. Kò fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹyẹ ń bẹ̀rù ni ó fi ara rẹ̀ wé, àfiwé náà sì gbà á là. Pápásan, ewéko tí ń tàn nílẹ̀, wà lára ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ májèlé nínú ilé lè gbin ọsàn. Kóró ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ni kí a gbìn, kí a má jẹ́ kí ó gbẹ. Kò pọn dandan kí ó so èso. Labalábá ńlá dúdú tí ó ní àmì bí ìyeyè lára, Papilio demodocus, yóò wá ọ̀jẹ̀lẹ̀ ewé rẹ̀ kàn. Ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó kéré rí bí imí ẹyẹ gẹ́lẹ́, ẹyẹ tí ń wá kòkòrò kiri a sì máa fojú fò ó. Nígbà tí ó bá dàgbà díẹ̀, yóò pàrọ̀ aṣọ bí eégún aláré, yóò di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò yọ ìwo kan tí ó rí bí àmúga jáde lẹ́yìn orí, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Asùnwọ̀n òyìnbó, tí a fi ń wo làpálàpá, ń fa àwọn labalábá funfun àti aláwọ̀ ìyeyè. Ṣùgbọ́n ó ń ga, ó sì ń fẹ́ àyè.

Ní ti omi òdòdó, kò le. Ẹ jẹ́ kí ewúro kan nínú ọgbà yín yọ òdòdó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ má já orí rẹ̀. Ẹ fi yúnyun sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ẹ má sì tu gbogbo imí eṣú. Akọ labalábá orí bomubomu ń wá oje ewéko bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni ó ti ń rí èròjà tí ó fi ń ṣe òórùn tí ó fi ń fa abo. Ewé tí a sọ ní orúkọ ìgbẹ́ eṣú ni ẹlòmíràn fi ń ṣe lọ́fínńdà!

Ẹni tí kò ní ju ẹnu ọ̀nà yàrá kan lọ lè lo garawa ọ̀dà. Kí ó lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí omi má baà dúró. Kí ó po erùpẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa. Kí ó gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń pa. Oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè ilé iṣẹ́ bíi tiwa, ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí a fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ tàbí omi bátìrì ti ń dà sí lè ní òjé nínú. Ẹ má ṣe gbin ẹ̀fọ́ jíjẹ síbẹ̀, ìbáà ṣe tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre.

Àwọn ará ilé yóò sọ̀rọ̀. Onílé yóò ní ẹ ń tọ́jú igbó, ẹ ń sin ẹ̀fọn àti ejò. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé inú omi tí ó dúró ni ẹ̀fọn ti ń pọ̀ sí i, ẹ sì rí i pé kò sí omi bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ tò òkúta yí ibẹ̀ ká, ẹ gbin pẹ̀rẹ́gún sí iwájú kí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ohun tí ènìyàn bá rí i pé a ṣọgbà yí ká kì í tètè pè ní igbó. Ṣùgbọ́n lórí oògùn apakòkòrò, kò sí àdéhùn: ọjọ́ tí a bá fín in sí ewé náà ni ọmọ labalábá kú. Bí iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè bá bo ẹ̀ka bomubomu, omi lásán ni kí a fi wẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ óò rí i pé ewé ti di àjẹkù, àwọn tí ó jẹ ẹ́ sì ti pòórá. Ẹ má fa igi náà tu. Yóò tún rúwé. Àwọn ọmọ náà ti gòkè lọ wá ibi tí wọn yóò so ara wọn rọ̀ sí, ó lè jẹ́ abẹ́ fèrèsé, ó lè jẹ́ ara nẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀ kò ní ẹsẹ̀, kò ní ẹnu, ó jọ ewé tí ó ká jọ. Ẹni tí ó bá ń gbá ilé lọ́wọ́ ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn, kí ìgbálẹ̀ tó dé ibẹ̀.