Àwọn Ọmọ Wa tí Wọ́n Pè ní "Ará Sẹ̀nẹ̀gàl" Nínú Ogun 1914 sí 1918

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé kó sójà tó tó 170,000 jọ láti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nǹkan bí 30,000 nínú wọn ni kò padà wálé mọ́. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi pe gbogbo wọn: tirailleurs sénégalais, nítorí pé ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà sílẹ̀ ní 1857. Ọmọ Kétu ni o, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni o, ọmọ Àjàṣẹ́ ni o, tó bá ti wọ fìlà pupa yẹn, ó ti di ará Sẹ̀nẹ̀gàl nìyẹn. Orúkọ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé wa má mọ ibi tí èèyàn wọn sùn sí títí di òní.

Òfin 1912 ti fún ìjọba Faransé láṣẹ láti mú ọ̀dọ́mọkùnrin wọ iṣẹ́ sójà fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ogun dé, ìjọba kì í wọ agboolé lọ ka orí ọmọ. Kọ̀mandáǹ ni yóò sọ iye tó fẹ́ fún àwọn olóyè àti baálẹ̀, àwọn náà á sì pín in fún ìdílé. Ẹ mọ ibi tí irú ìpín bẹ́ẹ̀ máa ń já sí: ọmọ ẹni tí kò ní alágbàwí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Láti oṣù kẹwàá 1915, wọ́n ní ẹni tó bá fínnú-fíndọ̀ wọlé yóò gba 200 faráńkì. Lójú tiwa, inú ìwé ni fínnú-fíndọ̀ yẹn ti pọ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ààlà, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n jẹ́ ilẹ̀ Alákétu, ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tó sá kúrò ní Kétu nítorí iṣẹ́ sójà kò lọ sí ilẹ̀ àjèjì, ilé ìbátan rẹ̀ ló gbà lọ. Onímọ̀ ìtàn A. I. Asiwaju ti ṣàlàyé pé irú ìsákúrò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣọ̀tẹ̀ gan-an, kì í ṣe ojo. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní tiwọn kò sá. Wọ́n kọjú ìjà sí Faransé láàárín ogun náà.

Ní ti Tógò, ìlẹ̀kùn ilé wa ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Kamina, níbi tí Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá sí, kò jìnnà sí Atakpamé, láàárín àwọn Ifẹ̀ tí àwọn kan ń pè ní Ana. Sójà Faransé láti Dàhòmì àti sójà Gẹ̀ẹ́sì láti Gold Coast ni wọ́n jọ lé Jámánì débẹ̀. Jámánì fọwọ́ ara rẹ̀ ba rédíò náà jẹ́, ó sì túúbá ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1914.

Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Faransé rí ohun mìíràn. Ìbọn Berthier àti àdá kékeré tí wọ́n ń pè ní coupe-coupe wà lára ohun ìjà wọn. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí Faransé gba Douaumont padà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 1916, àti ní Chemin des Dames ní oṣù kẹrin 1917, níbi tí òtútù àti yìnyín ti bá ìbọn Jámánì pa wọ́n. Àmọ́ ìbọn nìkan kọ́ ló ń pa tirailleur. Ní ibùdó Courneau, nítòsí Arcachon, àwọn tó lé ní 900 kú láàárín 1916 àti 1917, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Nítorí òtútù ni wọ́n ṣe máa ń kó wọn kúrò lójú ogun lọ sí gúúsù, sí Fréjus. Hivernage ni wọ́n ń pe ìkúrò yìí. Àwa tí a ka ìwé Faransé mọ̀ pé nílẹ̀ wa níbí, ìgbà òjò ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí!

Ọ̀rọ̀ èdè dùn wá ju èyí lọ. Ní 1916, wọ́n tẹ ìwé pélébé kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀gá sójà bí wọn yóò ṣe máa sọ Faransé aláàbọ̀ fún tirailleur. Ọkùnrin tó ń ki oríkì, tó ń pa òwe nílé, ni wọ́n kọ́ ní èdè ọmọdé, tí wọ́n wá fi èdè náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán obìnrin kan, Lucie Cousturier, tí ilé rẹ̀ wà nítòsí ibùdó Fréjus, kọ́ díẹ̀ nínú wọn ní Faransé tó já gaara, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní 1920.

Ní 1918, Blaise Diagne tún wá kó àwọn tó lé ní 63,000. Ó ṣèlérí ìdásílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ owó orí àti òfin ìfìyàjẹ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Nígbà tó yá, òfin ìnáwó Faransé ti oṣù kejìlá 1959 so owó ìfẹ̀yìntì wọn mọ́ ojú kan, tí ti ẹlẹgbẹ́ wọn ará Faransé sì ń gòkè. Ọdún 2001 ni ilé ẹjọ́ gíga Conseil d'État tó sọ pé ìyàtọ̀ yìí kò bófin mu. Abdoulaye Ndiaye, ará Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n kà sí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tirailleur ogun yẹn, ti kú ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1998, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n fi Légion d'honneur dá a lọ́lá.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀nà ṣì wà láti wá wọn. Lórí Mémoire des hommes, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ológun Faransé, fáìlì wà fún àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tó kú fún Faransé. Orúkọ, ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ibi ìbí, ọjọ́ àti ibi ikú wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí "tué à l'ennemi", ojú ìjà ló kú sí; tí ó bá jẹ́ "maladie", àìsàn ni. Ẹ má fi bí a ṣe ń kọ orúkọ lónìí nìkan wá a. Etí akọ̀wé Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́: Ajíbádé lè di Adjibadé, ó sì lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ìlú wá a, Kétou, Savè, Porto-Novo, kí ẹ tó fi orúkọ wá a. Ẹni tí ìwé sójà bàbá ńlá rẹ̀ bá ṣì wà nínú àpótí, kó mú un wá fún wa ká ya àwòrán rẹ̀. A ò ní gba ìwé náà lọ́wọ́ yín.