Ẹ̀rọ GPS Àfọwọ́mú Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Ẹ̀rọ GPS àfọwọ́mú, tí kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ, kì í ṣe atọ́nà nìkan fún ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó tún ń pa ipa ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ náà tọ̀ mọ́, iṣẹ́ kejì yìí ni ó sì níye lórí jù. Àwọn sátẹ́láìtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè, ni ó ń gba ìfiránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn; bí ó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, yóò fi bí ìfiránṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kí ó tó dé ṣírò ibi tí ó wà. Ìjọba Amẹ́ríkà a máa mọ̀ọ́mọ̀ ba ìṣirò yìí jẹ́ fún ará ìlú, débi pé ẹ̀rọ lè fi 100 mítà ṣìnà, títí Ààrẹ Bill Clinton fi fòpin sí i ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bíi eTrex ti ilé-iṣẹ́ Garmin, ń lo bátìrì AA méjì tí ó wà ní ìsọ̀ gbogbo, wọn kò sì nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù. Ọ̀tá wọn ni gbígbọ̀n: lójú ọ̀nà olókùúta, bátìrì lè já kúrò lára irin tí ń gba iná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ̀rọ sì kú láìjẹ́ pé ẹni tí ń gùn ún fura, bẹ́ẹ̀ ni ipa gbogbo ibi tí ó bá gbà lẹ́yìn náà yóò di àwátì. Awẹ́ rọ́bà tín-ínrín tí a fi há bátìrì mọ́lẹ̀ a máa ṣèrànwọ́, ó sì dára kí a fi okùn so ẹ̀rọ náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, bí ohun tí ó gbé e dúró bá lọ kán.

Ipa ọ̀nà tí a ń wí yìí jẹ́ ẹgbẹlẹmùkù àmì tótòtó tí ẹ̀rọ ń tò tẹ̀ léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibùdó àti àkókò tirẹ̀. Òun ni Steve Coast, tí ó dá OpenStreetMap sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, gbára lé láti ya máàpù ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni OpenStreetMap pé jọ sí erékùṣù Isle of Wight pẹ̀lú ẹ̀rọ GPS wọn, wọ́n tọ àwọn ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n sì da ohun tí wọ́n kó jọ sínú kọ̀ǹpútà láti fi ya máàpù erékùṣù náà. Kẹ̀kẹ́ yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí pé ó yá ju ẹsẹ̀ lọ, ó ń wọ ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ kò lè gbà, ẹni tí ń gùn ún sì lè dúró ní oríta èyíkéyìí, kí ó tẹ bọ́tìnì tí ń sàmì síbẹ̀, kí ó kọ orúkọ òpópónà náà sínú ìwé, kí ó tó máa bá tirẹ̀ lọ.