Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: IT ÀWỌN ỌMỌ ẸNJINÍÀ

Ọdún 1973 ni àjọ ITF (Industrial Training Fund) dá ètò SIWES (Students Industrial Work Experience Scheme) sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, òun ni gbogbo wa ń pè ní IT. Oṣù 6 ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì sábà máa ń fi ṣe é.

Ọ̀pọ̀ wọn ń sáré lọ Èkó, bẹ́ẹ̀ ibi iṣẹ́ wà nítòsí wa lágbègbè Ìbàdàn: ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Akínyẹlé, ilé-iṣẹ́ omi Àṣéjìrẹ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà tó ń tún ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ṣe lábúlé kan ní Lágelú ló wù mí jù. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á tú bẹ́líìtì, á pààrọ̀ bíárìn tó ti jẹ, ìyá onígàrí á sì dúró tì í títí ẹ̀rọ á fi ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irinṣẹ́, kẹ́ ẹ sì máa buwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ (logbook) wọn.