Oògùn Tí Ó Mọ Ilé Ọ̀tá Rẹ̀: Ohun Tí Àwọn Oníṣègùn Ifẹ̀ Kọ Sílẹ̀ nípa Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àrùn kan wà tí kì í pariwo nígbà tí ó bá ń wọlé. A máa rẹ ènìyàn láìṣiṣẹ́. Òógùn a máa bò ó lóru. A sì máa rù. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì a máa wú títí ikùn yóò fi le. Àwọn mìíràn a pè é ní ibà, àwọn mìíràn a sì fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tí ń rìn jẹ́jẹ́, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní CML.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni okùn tín-ín-rín 46 wà, tí a ń pè ní krómósómù, lára wọn ni àṣẹ tí ara ń tẹ̀lé wà. Ní ọdún 1960, Peter Nowell àti David Hungerford, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, rí i pé ọ̀kan nínú àwọn okùn wọ̀nyí kúrú jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn náà. Ní 1973, Janet Rowley ní Chicago fi ìdí rẹ̀ hàn: okùn kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ti gé, wọ́n sì ti pààrọ̀ ègé fún ara wọn. Níbi tí ègé wọ̀nyí ti so pọ̀ ni àṣẹ burúkú ti jáde. Ó dàbí onílù tí kò gbọ́ “ó tó”: ó ń lu ìlù fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun pé kí wọ́n máa pọ̀ sí i. A kì í jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ràn.

Àwọn oògùn àtijọ́ dàbí ẹni tí ó ti iná bọ gbogbo oko nítorí eku kan. Wọ́n ń dín sẹ́ẹ̀lì kù, ṣùgbọ́n onílù kò dákẹ́. Imatinib, tí a bẹ̀rẹ̀ sí dán wò lára ènìyàn ní 1998, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní 2001, lọ tààrà sí ibi tí onílù náà ti ń gba agbára, ó jókòó síbẹ̀, ìlù sì dákẹ́.

Báyìí ni a dé ilé. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí Wesley Guild ti Iléṣà jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn aláìsàn ní oògùn yìí ní 2003. Owó rẹ̀ ju agbára wọn lọ. Lábẹ́ ètò ilé-iṣẹ́ Novartis àti The Max Foundation ni wọ́n fi gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ti wo ènìyàn sàn ní ilẹ̀ wa tí ọgbọ́n wọn sì bá wọn wọ ibojì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Dúrósinmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní 2008 wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn aláìsàn 98, ọkùnrin 56 àti obìnrin 42, tí wọ́n tọ́jú láti 2003 sí 2007. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí bí ó ti yẹ.

Ohun kan nínú ìwé náà gbá wa láyà. Bí a bá to àwọn 98 náà láti orí ọmọdé dé orí àgbà, ẹni tí ó wà láàárín jẹ́ ọmọ ọdún 36. Ní Amẹ́ríkà, ó ju ìdajì àwọn tí àrùn yìí ń mú lọ tí ó ti lé ní ọmọ 60 ọdún. A mọ̀ pé ọ̀dọ́ pọ̀ ju àgbà lọ ní orílẹ̀-èdè wa, èyí sì lè jẹ́ apá kan ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 36! Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé-ìwé ni, ọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ gbójú lé ni. Ìwé tí a kọ ní òkèèrè kò lè sọ èyí fún wa.

Ojoojúmọ́ ni a ń lo oògùn náà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá tí ó sì dá a dúró fúnra rẹ̀, ti tú ọwọ́ tí ó di onílù mú nìyẹn. Oníṣègùn nìkan, lẹ́yìn àyẹ̀wò, ni ó lè sọ ìgbà tí ó tó.

Iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 2016, Oyèkúnlé, Sàláwù, Akínọlá àti àwọn mìíràn ní Ifẹ̀ tún kọ̀wé pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti gbẹ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ láyé tó àwọn yòókù. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í gbẹ ní ọjọ́ kan. Oṣù tí a fi ń mu àgbo ibà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fà láti apá, tí a sì ka sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, tó láti fi hàn bí ti funfun bá ti pọ̀ jù. Láti ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bí ó bá yẹ kí a gba ọ̀nà Ifẹ̀.