Ìdí tí gìtá tó ń ké fi ń dẹ́rù bà wá nínú fíìmù

Ẹ bá mi ṣe àdánwò kékeré kan. Ẹ wá fíìmù ẹ̀rù lórí fóònù yín, ibi tí ẹnì kan ti ń dá rìn nínú ilé tó ṣókùnkùn. Ẹ wò ó tohùn-tohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ tún un wò. Mo ṣe é pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Sábó, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. Nígbà àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà kejì, ó ń jẹ gúgúrú, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé wọn ò níná nílé yẹn ni?" Ojú ló bò, bẹ́ẹ̀ etí ló ń dà á láàmú. Etí ò kúkú ní ìpéǹpéjú.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí John Carpenter, ará Amẹ́ríkà tó ṣe Halloween ní 1978. Kó tó fi orin sí fíìmù náà, ó fi han òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ fíìmù ńlá kan. Ẹ̀rù ò ba obìnrin yẹn rárá. Ni Carpenter bá jókòó, ó ṣe orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, orin ọ̀hún ló sì gba fíìmù náà là.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà rọ́ọ̀kì lọ. Ní 1977, ẹgbẹ́ Goblin láti Ítálì ló ṣe orin Suspiria fún Dario Argento. Ní 1999, orin Rage Against the Machine ni wọ́n fi kádìí The Matrix. Kí ló wà nínú gìtá wọn gan-an?

Ẹ rántí àwọn tó ń fi mọ́tò polówó oògùn, tí wọ́n gbé sípíkà sórí òrùlé. Bí wọ́n bá yí i sókè ju agbára ẹ̀rọ lọ, ohùn á ha, á máa ta wá létí. Ẹ̀rọ náà ò lè gbé orí ìgbì ohùn mọ́, ó ń gé e pẹlẹbẹ, ibi tó ti ń gé e yẹn ni àwọn ohùn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń yọ jáde. Ohun tí olórin rọ́ọ̀kì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sí gìtá nìyẹn. Ọ̀fun ẹni tí ẹ̀rù bà kò yàtọ̀: bó bá figbe ta, èémí tó ń tì jáde pọ̀ ju ohun tí tán-án-ná lè gbé lọ.

Ní 2015, Luc Arnal, David Poeppel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ igbe ènìyàn wò fínnífínní. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ohùn ń lọ sókè-sódò bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú igbe, ó ń gbọ̀n láàárín ìgbà 30 sí 150! Ìgbọ̀n yìí ló ń jí amygdala, ẹ̀yà kékeré inú ọpọlọ tó ń bá wa ṣọ́ ewu. Irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ sì wà nínú gìtá tó ha.

Àwọn baba wa ò dúró de iná mànàmáná kí wọ́n tó mọ èyí. Ní ìlú tí Orò bá ti jáde, ohùn lásán ló ń lé obìnrin àti àlejò wọlé, wọn ò rí nǹkan kan. (Ohun tó ń dún, ẹ má bi mí.) Bàtá náà ńkọ́? Bílálà tí wọ́n fi ń na ojú omele ń dún bí ẹgba, ṣaworo sì ń ta yàà sí i. Dúró Ládiípọ̀ mọ iṣẹ́ tí bàtá ń ṣe nígbà tó gbé Ọba Kò So jáde.

Ilé-Ifẹ̀ náà nípìn-ín tirẹ̀. Mount Zion Faith Ministries, tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985, fìdí kalẹ̀ síbí, àwọn ló sì ṣe Agbára Ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwa tá a jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti tó wa. Kí Ayamatanga tó yọjú, a ti wà lẹ́yìn àga.

Ibi tí mo ti lẹ́jọ́ ni pé ọ̀pọ̀ fíìmù wa báyìí ti gbà pé ariwo ni ẹ̀rù. Ní 2012, Daniel Blumstein ti yunifásítì UCLA àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orin tó ha sábẹ́ fídíò tí nǹkan kan ò ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó wò ó ṣì ní orin náà burú léti, àmọ́ ara wọn ò gbọ̀n rìrì bíi ti ìgbà tí orin nìkan ń dún. Carpenter tá à ń wí yìí kan náà kó gìtá Anthrax, Steve Vai àti Buckethead sínú Ghosts of Mars ní 2001, fíìmù náà ò sì rówó pa. Témi bá ní kí n sọ, gìtá yẹn ò sinmi. Etí tó bá sì ti gbọ́ igbe fún wákàtí kan á sọ ọ́ di ariwo ọjà.

Tiwa tún ní àlékún. Orin inú fíìmù wa máa ń sọ ìtàn kí ìtàn tó ṣẹlẹ̀. Emaeyak Sylvanus, onímọ̀ orin ní Nsukka, ti kọ̀wé lórí àṣà yìí. Nínú fíìmù ìfẹ́, ó dùn. Nínú fíìmù ẹ̀rù, bí olórin bá ti kọ ọ́ pé ìyàwó yóò kú, kí ló kù tá a fẹ́ máa bẹ̀rù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fíìmù n'Ífẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́ ná, ká gbọ́ ẹsẹ̀, ká gbọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá na omele lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tó owó gìtá.